Ìgbòkun Múfútáù

Ọjọ́ Ẹtì, ó ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀,
a kó ẹrù sọ̀kalẹ̀ lẹ́bàá omi Eléyẹlé:
àgọ́ àyálò kan tí òpó rẹ̀ fi méjì dín,
gààrí, ẹ̀pà, ẹja gbígbẹ nínú agolo bọ́tà,
oògùn orúnkún Oyèwùsì,
àti ìgbòkun.

Múfútáù ló rán an.
Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń rán ṣòkòtò fún onílé àti àlejò,
kò rán ohun tí afẹ́fẹ́ yóò wọ̀ rí.
Tapólì búlúù ló gé, ó ṣẹ́ ẹ létí lẹ́ẹ̀mejì.
“Mi ò mọ ìbàdí atẹ́gùn,” ó ní,
“mo kàn fojú díwọ̀n rẹ̀ ni.”

Kíláàsì kẹrin la ti dá májẹ̀mú yìí,
àwa márùn-ún lórí bẹ́ńṣì kan,
nígbà tí Kólédowó ya ọkọ̀ ojú omi sẹ́yìn ìwé ìṣirò,
tó kọ orúkọ wa sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.
Tíṣà fà á ya. Kólédowó tún òmíràn yà.
Ó di ọdún mọ́kànlélógójì.
Ká tó ráyè, irun ti funfun,
ọmọ ti bímọ,
Kólédowó sì ti lọ síbi tí omi ti ń di yìnyín.

Orí òkè kékeré tó kọjú sómi la pàgọ́ sí.
“Èyí kì í ṣòkè,” Morádéùn wí, “kókó ni.”
Ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn kì í fojú di òkè,
bó ti wù kó kéré mọ.

Òru. Ọ̀pọ̀lọ́ ń jiyàn ogún bàbá wọn.
Ẹ̀fọn kí wa káàbọ̀ bí ẹbí tó tàjò dé,
wọ́n ń fẹnu kò wá káàkiri ara.
Lódìkejì, iná Apẹ̀tẹ̀ tàn, ó kú, ó tún tàn,
jẹnẹrétọ̀ kan ń wúkọ́ bí àgbà.
Oyèwùsì sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà níta,
nítorí òpó tó dín.
Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìfúnpá tàbí owó ilé ìwé.
Ó ku díẹ̀ kí Morádéùn sọ ọ́;
ó bu gààrí sẹ́nu.

Àárọ̀ Àbámẹ́ta, a háyà ọkọ̀ lọ́wọ́ apẹja,
a gbé igi ró láàárín rẹ̀, a ta ìgbòkun.
Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.
Lẹ́yìn náà ni tapólì mí sínú,
ó wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó jí ẹran ìyá rẹ̀ jẹ,
okùn le tantan,
a sì ń lọ! Láìwà, láìtu, à ń lọ!
Múfútáù ké, “Ó bá a mu! Ó bá a mu!”
bí ìgbà tí oníbàárà bá wọ aṣọ wò.

Ìwọ̀n igba ẹsẹ̀ bàtà, bóyá kò tó bẹ́ẹ̀.
Afẹ́fẹ́ rántí pé òun níṣẹ́ níbòmíràn.
Ìgbòkun rọ̀ jọwọlọ.
Wọ́n ní ojú oró níí lékè omi;
lọ́jọ́ náà, ó lékè wa.
A fọwọ́ tì í, ó ń padà bọ̀,
a fi abọ́ tì í, abọ́ bọ́ sómi.
Ni ẹ̀rín bá dé,
ẹ̀rín orí bẹ́ńṣì, èyí tí wọ́n máa ń torí rẹ̀ lé wa síta,
tí mo rò pé ikùn mi ti gbàgbé.

Ọmọbìnrin apẹja ló wá fà wá wálẹ̀,
kò lè ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ,
àjẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Kò béèrè owó. Ó ní,
“Ẹ̀yin àgbà, kí lẹ ń wá?”
Oyèwùsì lóun ò mọ̀.
Múfútáù lóun wá wọn aṣọ fún oníbàárà.

Mo ya fọ́tò ìgbòkun náà lórí koríko,
bó ṣe tutù, bó ṣe yí ẹrẹ̀,
mo fi ránṣẹ́ sí Kólédowó.
Ọjọ́ Àìkú, a ń tú àgọ́ lọ́wọ́ nígbà tí èsì dé.
Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan.
Ó ya ọkọ̀ ojú omi sẹ́yìn ìwé owó iná,
orúkọ mẹ́rin nínú ọkọ̀,
ìkarùn-ún nínú omi,
bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀.