Ìlà Tí Kò Lórí

Ní Punta Arenas, níbi tí ilẹ̀ ti ń tán lọ,
afẹ́fẹ́ kì í fẹ́,
ńṣe ló ń ti ènìyàn lẹ́yìn bí ọlọ́pàá.
Ọjọ́ tó bá le jù, ìjọba ìlú a ta okùn sẹ́bàá títì
kí arúgbó lè rí nǹkan dì mú dé ilé oníbúrẹ́dì.

Eduvina Barría ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ó fẹ̀yìn tì lóṣù kẹta.
Nígbà tó di oṣù kẹrin, ó ní òun fẹ́ kọ ìtàn.
Yasna, ọmọ ilé kejì, fi ètò kan sínú kọ̀ǹpútà fún un:
"Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí o, Màmá.
Ẹ da ohun gbogbo tó wà nínú yín sílẹ̀ ná,
lẹ́yìn náà kí ẹ máa ṣà á."

Ó dà á.
Róbótó kan: ọkùnrin.
Róbótó mìíràn: àgùntàn ẹgbẹ̀ẹ́dógún, irun wọn ò tíì sí nílẹ̀.
Róbótó kékeré: bàtà òsì tó ń jò.
Ó fa ìlà láti ara bàtà dé ara ọkùnrin,
ọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tiro.

Ètò náà ń béèrè, kì í rẹ̀ ẹ́, àfi bí ọmọ ọdún mẹ́rin.
Kí lorúkọ rẹ̀? Evaristo.
Kí ló ń bà á lẹ́rù? Ẹṣin funfun.
Kí ló wà nínú àpò rẹ̀?
Eduvina gbé ife tíì, ó gbé e kalẹ̀, kò mu ún.
Tíkẹ́ẹ̀tì. Àlọ, kò sí àbọ̀.
Ta ló tà á fún un?

Háà. Ìwọ ẹ̀rọ yìí, ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ ìyẹn?
Ó dìde, ó lọ fọ ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.
Páànù òrùlé ń pariwo.
Ó padà wá jókòó, ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́:
Èmi ni.

Nítorí Nolberto, àbúrò rẹ̀, dúró níwájú fèrèsé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan,
ó ń lọ sí Porvenir, ìlú tí wọ́n sọ ní Ọjọ́ Iwájú.
Ó ka ṣéńjì fún un. Kò gbójú sókè.
Èrò pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.
Omi ò gbé e, àìsàn ò pa á,
kò kàn kọ lẹ́tà mọ́ ni.

Ó fún Evaristo ní irùngbọ̀n. Ó fún un níyàwó láti Natales,
ó fi eyín wúrà kan sí i lẹ́nu;
ẹ̀rín Nolberto ló ṣì ń bá eyín wúrà náà jáde.
Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.
Lójú gíláàsì yìí, ó bọ́, kò fọ́,
ó kàn ń wò ọ́ ni.

Ní aago mọ́kànlá òru, ó pa Evaristo rẹ́.
Róbótó náà lọ. Àwọn ìlà ò lọ:
ti àgùntàn, ti bàtà, ti tíkẹ́ẹ̀tì,
àti èyí tó ti ara Èmi jáde,
gbogbo wọn nawọ́ sí ojú òfìfo kan náà.
Ètò náà ní: Ìlà mẹ́rin ò lórí. Ṣé kí n pa wọ́n rẹ́?

Níta, okùn ìjọba ń na irin tí wọ́n so ó mọ́.
Kò sẹ́ni tí í bi okùn léèrè orí rẹ̀ nínú ìjì;
ẹ dì í mú, ẹ máa lọ.

Ó tẹ Rárá.

Nígbà tí Yasna yà wá láàárọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì,
Màmá ti sùn lórí àga, bàtà lẹ́sẹ̀.
Kọ̀ǹpútà ò tíì sùn. Ìlà kan péré ló wà lójú rẹ̀,
ìlà ọ̀rọ̀:
Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo gbójú sókè.