Ọlọ Ìyá Lábẹ́ Sípíkà

Medúpin ní kí n má ra tuntun.
Kí n gbé ọlọ Ìyá sábẹ́ sípíkà ọ̀tún,
òkúta ẹsẹ̀ òkè Ògìdì sábẹ́ tòsì,
kí n gbé tìmùtìmù ti ògiri
tó ń dá ohùn padà.
Mo ṣe é. Ó ṣì ń kùn bí agbọ́n.
Iná ìjọba ló ń kùn.

Alẹ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n múná lọ.
Ó ku bátìrì, ó ku kọ̀ǹpútà,
ilé dákẹ́ rọ́rọ́.
Mo tẹ kásẹ́ẹ̀tì Ìyá tí a dà sínú rẹ̀
láìfún un pọ̀:
èémí rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀,
àga tó dún,
ewúrẹ́ kan lókèèrè,
lẹ́yìn náà orúkọ mi,
bí òun nìkan ṣe ń fà á.

Àwọn ọmọ hó yèè níta: iná ti dé.
Mo ní, ẹ jọ̀ọ́,
ẹ má tíì tàn án.