Ìbọn Ọlọ́wọ́ Òsì

Ọ̀pá sítíárìn lọ́rì tó dojú dé ní Àjàṣẹ́
ni Abọ́gúnrìn fi rọ ọ́, ní Ìsánlú-Ìsin.
Ó gbé e sójú oòrùn, ó di ojú kan:
"Ó ṣì wọ́ díẹ̀." Ó dá a padà síná.
Ó gbẹ́ igi apá gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì bàbá mi,
ó fi ojú ẹ̀tù sósì, kí iná má ta sí i lójú.

Èyí tí Láyíwọlá rà ní Ìlọrin, n ò bú u,
ó fúyẹ́, ó ń dán.
Mo wá ọwọ́ ẹni tó ṣe é,
nọ́ńbà ni mo rí.

Tiwa wà lórí àjà.
Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni gbogbo wa.
Lánàá, Móyọ̀ fi òsì gba ṣíbí;
màmá mi gbójú sókè.