Àwọ̀ Kẹfà

Sẹ̀míù akùnlé wá láti Àjàṣẹ́
pẹ̀lú àkàbà àti ìwé ńlá kan tí a ká bí ẹní.
Ó ní gbogbo orílẹ̀-èdè ayé ló pàdé,
wọ́n fẹnu kò sórí nǹkan mẹ́tàdínlógún
tí yóò sọ òṣì di ìtàn,
ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀.
Ògiri ilé ẹ̀kọ́ wa ní Kétu, lápá ọ̀nà Ìlárá,
ibẹ̀ ni wọ́n ní kí ó kùn ún sí.

Ó wá béèrè omi.

Omi! Ẹ̀rín fẹ́ pa mí.
Mo gbé garawa, mo forí lé kànga,
mo bá ẹni mẹ́rìndínlógún níwájú.
Èmi ni mo ṣe ìkẹtàdínlógún.
Ẹ ò rí i, àwa náà mọ iye yẹn ní kíkà.

Nígbà tí mo lóyún Múnírátù, mẹ́jọ ni wọ́n pè é.
Nọ́ọ̀sì ń kà á fún wa ní dípẹ̀ńsárì,
ó kan ìkarùn-ún, èyí tó jẹ́ ti aboyún,
iná kú.
Fìtílà ni wọ́n fi gbẹ̀bí Múnírátù.
Mẹ́jọ ò tán, mẹ́jọ di mẹ́tàdínlógún;
gbèsè tí a kò san ló ń bímọ bẹ́ẹ̀.
Ọmọ Múnírátù ló wà ní kíláàsì báyìí,
lẹ́yìn ògiri yẹn gan-an.

Sẹ̀míù ń kùn, garawa mi ò kún.
Ti òṣì pupa, ó ń dán bí ata.
Ti ebi dà bí gààrì elépo,
ọmọdé kan fẹ́ fìka tọ́ ọ wò.
Ó kan ìkẹfà, ti omi mímọ́,
àwọ̀ ojú sánmà.
Ó bu omi mi sí ọ̀dà, ó rò ó,
ó dúró.
“Ìyá, omi yìí ń ba àwọ̀ mi jẹ́.”
Mo ní, “Ọmọ mi, òun náà là ń mu.”

Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kùn ún bẹ́ẹ̀,
sánmà ìgbà ọyẹ́.

Àlejò kan fi ọkọ̀ funfun dé, ó ya fọ́tò,
ó ní bóyá ẹ̀rọ òun ló dọ̀tí.
N kò dá a lóhùn.

N kò ní kí wọ́n má kùn ún o.
Ọmọ ọmọ mi ń fìka tọ lẹ́tà Faransé abẹ́ rẹ̀,
ó ń kà á já geere. Kíkà yẹn, èmi ò ní in.
Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí Sẹ̀míù padà wá lọ́dún tí ẹ dá,
kí ó tún béèrè omi lọ́wọ́ mi.
Bí àwọ̀ kẹfà bá mọ́,
ẹ má wulẹ̀ kọ̀wé ránṣẹ́.
A ó rí i lára ògiri.