Bàbà Lábẹ́ Rẹ̀

Lọ́jọ́ Ajé mo tú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Píjò Bàbá wa,
mo kó àwọn rímù sínú àpò sìmẹ́ǹtì,
ó di ọ̀dọ̀ Fágbùyí ní Ìsọ̀kùn,
ẹni tí bàbá rẹ̀ fọ wúrà nínú ẹrẹ̀ Ìtagunmódi,
tí òun ń fi króòmù bo irin lójú.
"Sọ wọ́n di dígí," mo ní.
"Bàbá ń pé ọgọ́rin ọdún."

Ó yí ọ̀kan síwá, ó yí i sẹ́yìn,
ó fi èékánná kàn án, ó tẹ́tí.
"Ojúlówó láti iléeṣẹ́. Wo nọ́ńbà wọn lẹ́yìn.
Àwọn ọmọ ìsinsìnyí a máa ju irú èyí nù,
wọn a lọ ra èyí tó ń kọ mànà
tí kò lè ru àpò gaàrí méjì dé Òṣú."

Jẹnẹrétọ̀ ń ké. Ó rì wọ́n bọ ásíìdì.
Ọ̀dà àtijọ́ ń hó, ó ń bó bí èèpo iṣu gbígbóná:
àwọ̀ eérú, lẹ́yìn rẹ̀ búlúù,
lẹ́yìn búlúù, eérú mìíràn.
Èmi ò mọ̀ pé ọkọ̀ wa ti wọ búlúù rí.

"Bàbà la ó kọ́kọ́ fi bò ó," Fágbùyí wí,
"àwọ̀tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Níkẹ́ẹ̀lì ni bùbá.
Króòmù ọ̀hún? Gèlè lásán ni,
ó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ.
Bí ìpáàrà bá wà nísàlẹ̀, á rú jáde."

Ìkẹrin ló pa á lẹ́nu mọ́.
Kò ní nọ́ńbà. Ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀
yọ gọ̀ǹgọ̀ bí àpá egbò.
"Èyí kì í ṣe ọmọ ìyá wọn."

Mo pe Bàbá. Ó pẹ́ kó tó fèsì.
"Ọdún tí o wọ Yunifásítì Ifẹ̀ ni.
Owó ibùsùn rẹ ló kù tí kò pé.
Mo ta ẹsẹ̀ kan fún ará Ìpetu, tòun ti táyà tuntun.
Wẹ́dà kan ló bá mi jó àlòkù yẹn pọ̀.
Kò já mi kulẹ̀ rí. Ṣé ó ti là ni?"

Kò là, Bàbá.
Ọdún mẹ́rin ni mo fi jókòó lórí rẹ̀,
Iléṣà sí Ifẹ̀, Ifẹ̀ sí Iléṣà,
tí mò ń ráhùn pé ọkọ̀ náà ń gbọ̀n.

Fágbùyí ní òun lè wá ojúlówó mìíràn kí wọ́n lè bára mu.
Mo ní rárá.
Mo ní kó fi bàbà bo ìyẹn, kó sì dúró níbẹ̀.
"Á dúdú tí òjò bá bẹ̀rẹ̀."
Kó dúdú.

Mẹ́ta wá ń dán bí omi,
ọ̀kan pọ́n lẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀tún.
Nílé epo ní Èrèjà, ọmọ tó ń ta epo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn,
ó rẹ́rìn-ín: "Màmá, ṣé owó tán ni?"
Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní.
Owó tán nígbà kan.