Ọwọ́ Òsì

Iyọ̀ tí a fi ń ṣúre fọ́mọ tuntun,
iyọ̀ yẹn náà ni wọ́n ń dà sójú títì ní Cape Breton
bí yìnyín bá bo ilẹ̀.
Òun ló ń jẹ irin níbí, kì í sì í yó.
Bàbá mi ní kò sí ọkọ̀ erékùṣù yìí
tí abẹ́ rẹ̀ ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.
Ló bá ra ti ará Japan,
láìfojú rí i, láìfọwọ́ kàn án,
àfi fọ́tò mẹ́jọ àti ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣòwò.

Ó gun omi dé Halifax lóṣù Ẹrẹ́nà,
ó dúró ní èbúté bí àlejò tí kò gbédè,
sítíárì lápá ọ̀tún,
àwọ̀ rẹ̀ bí ewé tó fẹ́ rọ.
"Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n," ni Lauchlan Beaton wí,
"ó jù ọ́ lọ, kí i dáadáa."
Mo kí i.

Ọ̀dà dúdú kì í purọ́ títí.
A ká kápẹ́ẹ̀tì, a fi sípánà kan ilẹ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré,
sípánà wọlẹ̀ lọ,
a rí koríko.
Bàbá mi ò sọ̀rọ̀. Ó lọ po tíì.
Ó mu ún tán, ó padà dé tòun tayùn.

Iṣẹ́ tèmi ò ju kí n di tọ́ọ̀ṣì mú.
"Gbé e sókè. Kì í ṣe ojú mi, nọ́ọ̀tì ni!"
Nọ́ọ̀tì tó ti lẹ̀ mọ́ bóòtì
bí ọ̀rẹ́ méjì tó mọ àṣírí ara wọn:
a fi epo bẹ̀ ẹ́ lálẹ́,
a fi iná bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ó kọ̀,
a gbé òòlù bá a, ó dá sí méjì.
Dísù ń jò lára pọ́ǹpù bí ikun nímú ọmọdé.
Rọ́bà tíńtín kan ló bàjẹ́, kò tó òrùka ìka,
ọ̀sẹ̀ méje la fi dúró dè é.
Màmá mi ò pariwo,
ó kàn ń ka owó náà sókè lójú fèrèsé ilé ìdáná.
"Ṣé wúrà ni wọ́n fi ṣe rọ́bà ọ̀hún?"

Ọjọ́ tí a tú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn
ni bébà kan já bọ́, ó ti ká bí ewé gbígbẹ.
Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Arábìnrin Hamaguchi.
A ń retí ọ̀rọ̀ ńlá,
lẹ́tà olólùfẹ́ bóyá, tàbí èpè.
Ó dáhùn pé: kárọ́ọ̀tì mẹ́ta,
bátìrì rédíò,
bàtà òjò Naoki, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tóbi sí i,
má gbàgbé oògùn Ìyá.
Bàbá mi kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Ó ká a bó ṣe wà, ó dá a padà sínú ilẹ̀kùn,
ó fi bóòtì mẹ́fà dè é.
"Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n rántí ra oògùn náà."

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, lóṣù Ọ̀wàrà,
ó yí kọ́kọ́rọ́, ó dúró kí púlọ́ọ̀gì gbóná.
Iná kékeré kan pọ́n níwájú rẹ̀, ó kú.
Ó yí i. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Ó dákẹ́.
Ó yí i. Ó wúkọ́, ó pọ èéfín funfun
sára aṣọ tí màmá mi sá.
Bàbá mi fọwọ́ pa á lára bí ẹni tí ń tu màlúù nínú.
Ó yí i.
Gbì!
Lẹ́yìn náà gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀,
ife tíì ń jó lórí tábìlì,
ajá sá wọ abẹ́ ilé.

Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.
Àmọ́ sítíárì wà lọ́tùn-ún,
gíà wà lósì,
ọ̀nà tó lọ sílé bàbá bàbá mi lókè Mabou,
òkúta àti ẹrọ̀fọ̀ ni láti ìsàlẹ̀ dókè.
Ó fi ọwọ́ òsì wá gíà kìíní, ó ṣì í,
irin wa eyín pọ̀.
Ó tún un wá.
Ó wọlé.
Mo jókòó síbi tí awakọ̀ ń jókòó nínú ọkọ̀ gbogbo èèyàn,
láìní sítíárì lọ́wọ́,
tọ́ọ̀ṣì ṣì wà lórí itan mi, ó ṣì ń tàn,
mo gbàgbé láti pa á.