Odò àti Òdo

Ní Helena, ìparí oṣù Kẹrin, yìnyín ò tíì kúrò lórí òrùlé.
Mo jókòó sí yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù atúnbàtàṣe,
mo ń fún àwọn aṣòfin ní máàkì.
Àkọsílẹ̀ ìbò wọn wà níwájú mi, ojú ìwé àádọ́jọ:
bẹ́ẹ̀ ni, rárá, rárá, bẹ́ẹ̀ ni, rárá.
Kọfí mi ti di omi tútù.

Àbá méjìlá la yàn nínú ẹgbẹ̀rin tí wọ́n gbé wá síwájú wọn.
Ta ló yàn án? Èèyàn márùn-ún,
alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, píísà lórí tábìlì.
Èyí tó kan ẹja, a mú un.
Èyí tó kan ibi tí wọ́n ti ń wa bàbà, a mú un.
Èyí tó kan oúnjẹ ọmọ ilé ìwé, a ní kì í ṣe tiwa,
a tì í sábẹ́ páálí píísà.

Ìṣirò náà ò le.
Ẹni tó bá dìbò fún odò, ó jèrè.
Ẹni tó bá ta odò, òdo.
Odò, òdo:
ohùn nìkan ló yí padà,
ẹnu kan náà ló pè wọ́n.

Wo Lowell Brandvold, oníbàtà awọ ejò.
Ọgọ́rùn-ún pé pérépéré.
Mo mọ bó ṣe ń ṣe é. Á dúró, á wojú pátákó,
ìgbà tó bá rí i pé àbá wa ti kú pátápátá,
pé ìbò tirẹ̀ ò lè jí i mọ́,
ni yóò tẹ bọ́tìnì aláwọ̀ ewé.
Ó ń sunkún òkú tí kò bù lómi mu lójú ayé.
Nínú yàrá ìgbìmọ̀, níbi tẹ́nikẹ́ni kì í ti í ka ìbò,
ibẹ̀ ló ti fún un lọ́rùn.
Ìwé wa ò ní àyè tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí.

Wo Orrin Skaalure, olówò màlúù,
ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́yìn odò Bittern,
tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ tìtorí ẹ̀ dẹ́kun kíkí i ní ṣọ́ọ̀ṣì.
Ọjọ́ tí wọ́n dìbò lórí omi Bittern gan-an,
àbá tí a kà ní ìlọ́po méjì,
àga rẹ̀ ṣófo.
Òfin wa ni pé ẹni tí kò sí níbẹ̀, kò fẹ́ ẹ.

Mo tẹ ilé rẹ̀ láago. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé e:
"Màmá wa la sin lọ́jọ́ yẹn.
Ilẹ̀ dì débi pé iná ni wọ́n fi yọ́ ọ kí ṣọ́bìrì tó wọlé."

Mo gbé e tọ Constance Veraldi lọ, olùdarí wa.
Ó gbọ́ ọ tán. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù.
"Bí a bá ṣílẹ̀kùn fún opó kan," ó ní,
"àwọn tó sá lọ jẹun ọ̀sán
ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni wọn yóò gbà wọlé."
Òótọ́ ló sọ.
Inú ń bí mi pé òótọ́ ló sọ.

Márùndínláàádọ́rùn-ún ni mo tẹ̀ síwájú orúkọ rẹ̀,
lábẹ́ Brandvold.
Kò pé oṣù mẹ́ta, ẹni tó fẹ́ gba àga rẹ̀
ti gbé òdo yẹn sára pátákó lẹ́bàá ilé epo,
ó tóbi bíi táyà katakata.

Lẹ́tà Orrin dé nínú oṣù Kẹjọ, ìkọ̀wé pẹ́ńsùlù.
Mo rò pé èébú ni.
Ó ní omi ti fà débi òkúta funfun abẹ́ afárá,
ó ní ẹja ṣì wà níbi tó jìn.
Lẹ́yìn náà: "Ẹ ṣi orúkọ mi kọ. U kan ló sọnù."

Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo dá u náà padà.
Agbára mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.